Ajá Tí Mo Fi Sọ́dọ̀ Àǹtí

Inú páálí ọṣẹ ni ọkọ mi gbé ajá náà sí nígbà tó mú un dé láti Aduwawa. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá máa ń lò, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì ṣì rọ̀ sílẹ̀. Olè ti fo ògiri wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n yọ bátìrì mọ́tò lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ mi sì ti búra pé ohun tí yóò máa gbó ni òun ń wá, pé òun kò wá ọ̀rẹ́. Ó gbé páálí náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Ìyá wa, ọlọ́dẹ yín rèé." Ọlọ́dẹ náà tọ̀ sínú páálí, ó wojú mi, ó jókòó lé ìtọ̀ rẹ̀.

Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ òwe ni, bí àwọn ará ilé wa ṣe máa ń sọ ajá ní gbólóhùn tí aládùúgbò yóò gbọ́, tí yóò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹlòmíràn ti fi orúkọ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka kan tí kò jìnnà sí New Benin. Ọdún kẹrìnlá rèé tí a ti wà nílùú Bìní yìí. Níbi iṣẹ́, ẹni tí ẹ̀rọ bá gbé káàdì rẹ̀ mì á wá bú mi, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín sí i. Nílé, tí mo bá sọ Yorùbá sí ọmọbìnrin wa, á gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá, á sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Nígbà tí mo wá sọ fún ajá náà lọ́jọ́ kan pé "Jókòó," tó sì jókòó, mo rò pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Mo tún un sọ. Ó tún jókòó. Mo pe ọkọ mi kó wá wò ó. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

Dókítà ẹran tó ń fún un ní abẹ́rẹ́ ló sọ fún mi pé àwọn kan máa ń pàdé láàárọ̀ Sátidé ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá Ekenwan Road. Wọ́n ń kọ́ ajá ní ìgbọràn, wọ́n sì máa ń ṣe ìdíje. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n ṣáà lọ wò ó.

Ojú ń tì mí láti dá lọ. Mo bẹ Àǹtí pé kó bá mi lọ.

Àǹtí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa la ti pàdé, ó sì fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, kò sì ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà lókè òkun. Òun nìkan ló ń dá gbé ilé kan tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, nítòsí bárékè àwọn sójà. Nígbà náà, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, "wọ́n" ni mo máa ń pè é, bó ti yẹ kí a pe àgbà. Níhìn-ín, "ó" ni mo ń kọ. Ẹ má rò pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ bíi tàtijọ́, ọwọ́ mi ni kò gbà.

"Ajá tí yóò máa ṣe ìdánwò?" ó wí nígbà tí mo sọ fún un. "Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ gan-an kò fẹ́ ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé, kí aago méje tó lù, ó ti dé géètì wa, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó mú ìwé àti bírò dání.

Ọkùnrin Bìní kan tó ga, tó ti fìgbà kan tọ́jú ajá fún àwọn sójà, ni ọ̀gá wọn ní pápá. Ó ṣàlàyé bí ìdíje náà ṣe rí fún wa. Kí ajá máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ láì fa okùn. Kó jókòó nígbà tí o bá dúró. Kó dùbúlẹ̀ tí o bá ní kó dùbúlẹ̀. Kó lọ gbé igi kékeré kan wá fún ọ láì jẹ ẹ́. Èyí tó le jù ni pé kí o fi í sílẹ̀ lórí pápá láàárín àwọn ajá mìíràn, kí o lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé, kó má sì dìde títí o óò fi padà dé. Àwọn adájọ́ á máa wò ó, wọn á máa yọ máàkì. Gbogbo rẹ̀ ni Àǹtí kọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́.

Yorùbá la fi kọ́ ajá wa. Àwọn èèyàn fi wá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdí wà níbẹ̀. "Sit!" "Stay!" kún pápá náà bí igbe ọjà, bí ọkùnrin kan bá pàṣẹ fún ajá rẹ̀ ní ìhín, ajá mẹ́ta á jókòó lọ́hùn-ún. Tiwa kò mọ èyí tí wọ́n ń wí. "Jókòó," "Dùbúlẹ̀," "Tẹ̀lé mi," "Dúró." Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ tí a ó fi tú u sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, èmi fẹ́ ká máa wí pé "Ó yá." Àǹtí ní rárá, pé gbogbo Bìní, Yorùbá ni o, kì í ṣe Yorùbá ni o, ló ń pariwo "Ó yá" láti àárọ̀ dalẹ́. A fi í sí "Ó tó."

Ọjọ́ Fúráìdé ni mo máa ń se ẹ̀dọ̀ màlúù, màá gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, màá dì í sínú ọ̀rá. Ẹyọ kan fún gbogbo ohun tó bá ṣe dáadáa. Òórùn ẹ̀dọ̀ wọ àpò gbogbo aṣọ mi. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé, mo wọ ọ̀kan nínú wọn lọ síbi iṣẹ́, ẹni tó jókòó tì mí sì ń gbé ìsàlẹ̀ tábìlì rẹ̀ wò títí di ọ̀sán.

Ajá náà kọ́kọ́ ń fa okùn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbì kan. Ọ̀gá ní tó bá ti fà á, kí n yí padà sí ibi tí mo ti ń bọ̀, láì sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń lọ, tí mò ń bọ̀ ní àdúgbò wa, tí àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ń wò mí pé kí ló sọnù lọ́wọ́ mi. Nígbà tó mọ̀ ọ́n rìn díẹ̀, a mú un lọ sẹ́bàá ọjà New Benin, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń fun fèrè tí àwọn ẹlẹ́rù ń kígbe, kí ariwo má baà jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tó ń jó irin wò ó tìtara-tìtara, ó ní, "Madam, this one go sweet for pepper soup o." Àǹtí yíjú sí i, ó fi ohùn tí olùkọ́ fi ń pe ọmọ jáde ní kíláàsì bi í pé, "Come again?" Ọkùnrin náà fa awò tó fi ń jó irin bojú.

Oṣù mẹ́rin ni "Dúró" gbà wá. Tí mo bá ti fi ẹ̀yìn sí i, á máa fi ikùn wọ́ tẹ̀lé mi díẹ̀díẹ̀ bí olè. Àǹtí ló rí ohun tí mò ń ṣe.

"Má bojú wẹ̀yìn mọ́," ó wí. "O ń bojú wẹ̀yìn. Tí o bá ti bojú wẹ̀yìn, o ti sọ fún un pé o ò gbà á gbọ́ nìyẹn."

Mo kọ́ láti má bojú wẹ̀yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dúró dè mí dáadáa, ẹ̀yìn kíláàsì kan tó ń rùn fún ìtọ̀ ni mo fara pamọ́ sí, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mò ń fi ìka ka ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo jáde, ó wà níbi tí mo fi í sí gan-an. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀, kò sì dìde. Mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní, "Ó tó," ó sì fò mọ́ mi láyà. Èmi àti Àǹtí dì mọ́ra wa lórí pápá, àwa obìnrin àgbà méjì, à ń fò sókè.

Ó kù bí oṣù mẹ́ta kí ìdíje wáyé nígbà tí dókítà ilé ìwòsàn sọ pé kókó ìjù tó wà nínú ilé ọmọ mi ti tóbi ju ohun tí a lè máa fi oògùn tì lọ. Wọ́n ní kí n wá fún iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, fún oṣù méjì ó kéré tán, mi ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan, nǹkan kò sì gbọ́dọ̀ fà mí. Ajá náà ti ga dé itan mi nígbà náà. Ọkọ mi ní òun á máa fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n òun ò ní tẹ̀ lé e yí àdúgbò ká.

"Gbé e wá sọ́dọ̀ mi," Àǹtí wí. "Kí la wá ń bára wa ṣọ̀rẹ́ fún?"

Mo sunkún lórí fóònù. Mo kó abọ́ rẹ̀, ẹní rẹ̀, okùn rẹ̀ àti igi rẹ̀ dání. Mo fi káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ lé Àǹtí lọ́wọ́, bóyá ara ajá náà lè má yá nígbà tí mo bá wà nílé ìwòsàn. Nínú àgbàlá rẹ̀, mo ní kí ajá náà jókòó, mo ní, "Dúró." Mo jáde, mo wọ mọ́tò. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Mi ò ní parọ́ mọ́ Àǹtí: ó tọ́jú mi. Ojoojúmọ́ tó bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́ ló ń wá sílé ìwòsàn. Ọbẹ̀ ẹja tútù tí kò ta ló máa ń sè wá, torí pé wọ́n ní kí n yàgò fún ata. Òun ló ń fọ aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n dìde rìn, tí mo rò pé inú mi yóò là sí méjì, ọrùn rẹ̀ ni mo dì mú. "Ajá rẹ ń kí ọ," á wí. "Ó jẹun tán lónìí. Ó gbé igi náà wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

Nígbà tí mo délé tí ara mi ń bọ̀ sípò, mo ní kí ọkọ mi gbé mi lọ wo ajá náà. Àǹtí ní kí n má tíì wá, ajá náà ń húkọ́, ojú egbò mi sì ṣì tutù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní nǹkan kan ti mú un lára, irun rẹ̀ ń re, kí n má lọ gbé e wọlé fún ọmọ mi. Mo ní ṣé kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní ó ti sùn. Mo bi í léèrè ìdíje. Ó ní ọ̀gá ti sún un sí ọdún tó ń bọ̀ nítorí òjò tó ba pápá jẹ́. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó dá ìdíje náà dúró dè mí.

Ní Sátidé kan, kí aago méje tó lù, Àǹtí gbé mọ́ínmọ́ín wá fún wa, ó gbóná, ewé ló fi dì í. Kò wọlé. Ó ní òun ń lọ síbi ìsìnkú ìyá ẹnì kan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́, lápá Auchi. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀. Mo rí i, mi ò fi ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Fúráìdé tó tẹ̀ lé e ni ọmọbìnrin mi gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nínú yàrá. "Mummy, abeg come see. No be our dog be this?"

Fídíò kékeré kan ni, tí ẹnì kan láti pápá gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára. Pápá náà gbẹ, wọ́n ta àtíbàbà sí i. Àǹtí ló wà láàárín rẹ̀, ó dé fìlà, ajá mi sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bí ẹni pé okùn tí a kò rí so wọ́n pọ̀. Irun rẹ̀ ń dán. Kò síbi tó ti re lára rẹ̀. "Heel," Àǹtí wí, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ní kó tẹ̀lé òun. "Sit." Ó jókòó. "Stay." Àǹtí rìn lọ sẹ́yìn kíláàsì, kò bojú wẹ̀yìn. Ajá náà dúró. Mo wò ó bó ṣe dúró, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó dìde. Kò dìde. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú pe orúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí, orúkọ òyìnbó kúkúrú kan, ó ní òun ló gbapò kìn-ín-ní. Ó dárúkọ Àǹtí, ó ní òun ló ni ín, òun ló sì kọ́ ọ. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún un. Bàtà kánfáàsì náà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo ní kí ọmọ mi tún un ṣí. Ó ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀kẹrin, ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ibùsùn.

Ọkọ mi fẹ́ sọ pé ṣé nítorí ajá. Mo rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó wojú mi, ó gbé e mì. "Ṣé kí n bá ọ lọ?" ló wí. Mo ní rárá.

Láàárọ̀ Sátidé, mo fúnra mi wa mọ́tò lọ, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Àǹtí ṣí géètì, ó ní, "Háà! O ò pè mí!" Kó tó sọ̀rọ̀ mìíràn, ajá náà ti sáré láti ẹ̀yìn ilé. Ó mọ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ó mọ̀ mí. Ó ń ké bí ọmọ ọwọ́, ó ń yí mi ká, ó ń lá ọwọ́ mi, èmi náà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀, mò ń pè é ní orúkọ rẹ̀, mò ń sunkún sínú irun ọrùn rẹ̀.

Mo dìde, mo nu ojú mi. Mo ní, "Jókòó."

Ó wo Àǹtí.

Mo tún un wí. Ó wojú mi, ìrù rẹ̀ ń jù, ó tún yíjú sí Àǹtí, bí ọmọ tí àlejò bá fún ní nǹkan tó ń wojú ìyá rẹ̀ bóyá kí òun gbà á. Àǹtí fi ohùn kékeré wí pé, "Sit."

Ó jókòó.

Wọ́n ti fi abẹ bá ara mi ṣe ohun tó ju ìyẹn lọ ní oṣù méjì sẹ́yìn. Èyí dùn mí jù ú lọ.

A wọ inú ilé. Ife ẹ̀yẹ náà wà lórí tẹlifíṣọ̀n, kò tilẹ̀ fi nǹkan bò ó. Mo jókòó sórí àga.

"Àǹtí, ẹ ní ó ń húkọ́."

Ó ń tún aṣọ orí àga ṣe.

"Ẹ ní irun rẹ̀ ń re. Ẹ ní wọ́n ti sún ìdíje. Ẹ gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Àǹtí. Ẹ wojú mi."

"Mo mọ̀," ó wí.

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

Kò wò mí, ife náà ló ń wò. "Mi ò kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀. Ìdíje ń bọ̀, ìwọ kò lè rìn. Mo ní ó ṣe mí láàánú kí ẹ̀kọ́ ọdún kan ṣòfò. Mo ní màá mú un lọ lórúkọ rẹ. Ìgbà tí mo débi tí wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ta ló ni ajá, ta ló kọ́ ọ. Mo kọ orúkọ mi. Mi ò mọ ohun tó bá mi. Nígbà tí mo ti kọ ọ́ tán, mo ní láti máa bá a lọ."

"Orúkọ ajá ńkọ́? Ìyẹn náà wà lórí fọ́ọ̀mù?"

Ìgbà yẹn ló bínú. "Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọ̀gá ní kí a wá sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí a ṣe kọ́ ọ ní dídúró? Ìwọ nìkan lo bọ́ síwájú. 'Mo ṣe báyìí, mo ṣe báyẹn.' Mo dúró lẹ́yìn, mo di ọ̀rá ẹ̀dọ̀ mú fún ọ. O ò sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé Àǹtí wà níbẹ̀. Ìwọ ní ọkọ. O ní ọmọ tó ń sùn sílé. Tí o bá kúrò ní pápá, o ní ibi tí ò ń lọ. Kí ni èmi ní?"

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó wí yẹn. Mo rántí ọjọ́ náà. Mo rántí pé inú mi dùn púpọ̀, mi ò sì rántí ibi tí Àǹtí dúró sí. Bó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ fún mi nígbà náà, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin fún un láàárín pápá. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, ó ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi, ó ń fọ aṣọ mi, ó sì ń kọ́ ajá mi láti gbàgbé ohùn mi. Títí di òní, mi ò mọ bí ènìyàn kan ṣe lè ṣe méjèèjì láàárín ọjọ́ kan náà, kí méjèèjì sì jẹ́ òótọ́.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀."

Ó wọlé lọ mú un wá. Wọ́n ti fi tàdáwà funfun pa orúkọ ajá náà àti tèmi rẹ́, wọ́n kọ òmíràn lé e. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Òun náà ló kọ gbogbo òfin ìdíje sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ajá náà fò wọ mọ́tò láì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ràn mọ́tò láti kékeré. Kò bojú wẹ̀yìn wo Àǹtí. Mo rí Àǹtí nínú dígí, ó di géètì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń sunkún. Inú mi kò dùn sí i, àánú rẹ̀ kò sì ṣe mí.

Mo sọ fún ọ̀gá ní pápá. Ojú tì í, ó ní òun rò pé mo ti fún Àǹtí ní ajá náà ni, pé ohun tí Àǹtí sọ fún gbogbo wọn nìyẹn. Ó ní òun lè gba ife náà padà. Mo ní kó fi sílẹ̀. Kí ni n óò fi ife tí wọ́n fún orúkọ òyìnbó ṣe? Àwọn àgbà ìjọ pe àwa méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn, ènìyàn dáadáa ni, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Arábìnrin, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé kì í ṣe ọkọ ló gbà lọ́wọ́ yín. Ajá lásán." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi àti Àǹtí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé nínú yàrá náà, òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n jí gbé. Lẹ́yìn oṣù kan, ó kó lọ sí ìjọ mìíràn.

Yorùbá padà sí etí ajá náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. "Jókòó" padà, "Tẹ̀lé mi" padà. Ó ń gbé igi wá. Ohun tí kò padà ni dídúró. Tí mo bá fi í sílẹ̀ lórí pápá, yóò dúró níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń rí ẹ̀yìn mi. Tí mo bá ti yà sẹ́yìn kíláàsì, yóò dìde, yóò wá mi kàn. Kì í fi ikùn wọ́ bí olè mọ́. Ó ń sáré ni. Mo gbìyànjú fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá wò ó títí lọ́jọ́ kan, ó bi mí bóyá ẹnì kan ti fi í sílẹ̀ rí tí kò tètè padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Then no vex for am."

Mi ò bínú sí i. Ọ̀rọ̀ ti èmi àti Àǹtí ni mo mọ̀, pé ó dalẹ̀ mi. Lójú ajá náà, bóyá èmi ni mo ní kó dúró, tí mo wọ mọ́tò lọ. A kò lọ sí ìdíje mọ́. A kàn ń rìn ni, láàárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, àwọn tó ń gba àdúgbò wa lọ sí bárékè sì ti mọ̀ wá, wọ́n máa ń kí i kí wọ́n tó kí mi.

Lọ́dún yìí, ọ̀sẹ̀ tí Ọdún Àjíǹde parí, Àǹtí pè mí. Mo ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n sórí. Iwájú báńkì ni mo wà nínú mọ́tò. Mo kí i kú ọdún. Ó kí mi, ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè ọmọ mi, mo ní wọ́n wà. Mo ń gbọ́ bí fáànù ṣe ń yí nínú pálọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó ń jẹun?" ó wí.

Mo ní, "Ó ń jẹun, Àǹtí."

Ó ní ó dáa. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo jókòó díẹ̀ sí i, mo tún àtíkè ojú mi ṣe nínú dígí, mo sì wọlé lọ síbi iṣẹ́.